Orí Karùn-ún: Ọmọ Ẹyẹ Tó Já Bọ́ Láti Inú Ìtẹ́

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń fi ìjì wọlé ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọmọ ẹyẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ káàkiri ilẹ̀ Ọ̀pìn. Ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pìn, ìjì á fa ẹ̀ka ya. Akọpẹ á gé imọ̀ tí ẹ̀gà so ìtẹ́ mọ́. Ẹni tó ń ṣán oko á fi àdá kan ìtẹ́ àdàbà kó tó mọ̀. Ọmọdé ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí ohun tó bọ́ sílẹ̀. Á gbé e wálé nínú àtẹ́lẹwọ́, á bu gàrí rírẹ sí i lẹ́nu, á da omi lé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹyẹ ti kú, ọmọ ń sunkún, ìyá ọmọ á ní òun kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀.

Gàrí àti omi yẹn ló pa á. Orí yìí wà fún ìyá àti bàbá irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àti fún tíṣà tí wọ́n bá gbé ẹyẹ wá bá ní kíláàsì. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe nínú ilé lásán, ṣùgbọ́n ó ní ètò, èyí tó yẹ kó ṣáájú gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ohun tó sì ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ gbé e rárá.

Ṣé òrukàn ni lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹyẹ tí wọ́n ń gbé wálé kì í ṣe òrukàn. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Bí ìyẹ́ bá ti bò ó, tí ìrù rẹ̀ ṣì kúrú, tó ń tọ kiri lórí ilẹ̀, tó sì lè fi ẹsẹ̀ di ìka yín mú ṣinṣin, ọmọ tó ń kọ́ fífò ni. Ìyá àti bàbá rẹ̀ wà nítòsí. Àwọn ni wọ́n ń ké lórí igi máńgòrò tí ẹ rò pé ariwo lásán ni. Ibẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá gbé irú èyí wálé, ọmọ ọlọ́mọ ló jí gbé. Bí ológbò tàbí ajá bá wà ládùúgbò, ẹ gbé e lé ẹ̀ka tí ọwọ́ yín tó, kí ẹ so ajá mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Èyí tó wà níhòòhò, tàbí tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, inú ìtẹ́ ló yẹ kó wà. Ẹ wá ìtẹ́ náà kàn, kí ẹ dá a padà síbẹ̀. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà gbọ́, pé tí ọwọ́ ènìyàn bá ti kan ọmọ ẹyẹ, ìyá rẹ̀ á gbọ́ òórùn ọwọ́ náà, á sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ kì í torí òórùn ọwọ́ kọ ọmọ. Ohun tó ń lé e sá ni kí ènìyàn dúró ti ìtẹ́, kó máa yọjú wò ó ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, bí ẹ bá ti dá a padà, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ti ẹ̀gà rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí imọ̀ bá wó lulẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ́, tí ọmọ sì ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ gé imọ̀ náà kù díẹ̀ ní apá méjèèjì ìtẹ́, kí ẹ fi okùn so ó mọ́ orí ọ̀pá gígùn kan lábẹ́ ọ̀pẹ tí àwọn yòókù wà. Ẹnu ọ̀nà ìtẹ́ ẹ̀gà máa ń kọjú sí ilẹ̀. Ẹ má dojú rẹ̀ sókè, òjò á wọ inú rẹ̀. Ní ti àdàbà, igi wẹ́wẹ́ mélòó kan ló máa ń tò léra tó sì pè nílé, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dúró sísàlẹ̀ kí ẹ rí ẹyin rẹ̀ láàárín igi. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, ẹ mú ààbọ̀ igbá tàbí apẹ̀rẹ̀ kékeré, ẹ lu ihò sí ìdí igbá kí omi lè máa jò, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i, kí ẹ so ó mọ́ igi kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó sí ọ̀ọ́kán fún wákàtí kan sí méjì. Bí òbí kan bá wá bà lé e, iṣẹ́ yín ti parí.

Àwọn kan wà tí kò ní ẹni tí yóò padà wá. Ọdẹ ti pa ìyá wọn, tàbí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní à ń sungbó, àdàbà ò náání, iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Àdàbà tó ti lápá ni wọ́n ń wí, ọmọ rẹ̀ tó wà nínú ìtẹ́ kò lè lọ síbì kankan. Irú ìyẹn ni òrukàn.

Àparò àti awó tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa wọ́n ni wọ́n ti ń sáré, tí wọ́n sì ń ṣa oúnjẹ jẹ fúnra wọn. Bí ẹ bá bá wọn lóko tí wọ́n lúgọ sílẹ̀ bí ewé gbígbẹ, ẹ kọjá lọ. Ìyá wọn kò jìnnà. Bó bá dájú pé ìyá ti kú, tí adìyẹ kan nílé yín sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ fi wọ́n sábẹ́ rẹ̀ lóru nígbà tí kò ríran dáadáa. Àwọn tó ti fi adìyẹ sàba lé ẹyin awó rí mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ìkán ni kí ẹ máa dà sílẹ̀ fún wọn, wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni la ẹnu wọn.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń ṣì mú fún ọmọ ẹyẹ: alápàǹdẹ̀dẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀. Apá rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré débi pé ó máa ń ṣòro fún un láti fi í ta gìrì sókè láti orí ilẹ̀. Bí apá kò bá ṣẹ́, ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ní gbangba, kí ẹ na ọwọ́ sókè. Ẹ má jù ú. Bó bá fẹ́ lọ, á lọ.

Ooru ṣáájú oúnjẹ

Ọmọ ẹyẹ tó tutù kò lè da oúnjẹ. Bí ẹ bá bọ́ ọ nígbà tí ara rẹ̀ tutù, oúnjẹ náà á kàn dúró sí i lára, á bà jẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ikùn rẹ̀: ó yẹ kó gbóná ju ara yín lọ, torí ooru ara ẹyẹ ga ju ti ènìyàn.

Ẹ wá páálí tó ní ìdérí, ẹ lu ihò sí i lára. Inú páálí náà ni kí ẹ gbé àwo kékeré kan sí, irú èyí tó kòtò díẹ̀, kí ẹ tẹ́ tíṣù sí i dáadáa. Kòtò yẹn ló máa ń kó ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ sábẹ́ ara. Ọmọ ẹyẹ tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀ páálí tó ń yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á là sọ́tùn-ún sósì, ó sì lè má ríbi dúró mọ́ láyé. Ẹ má lo òwú. Ó máa ń lọ́ mọ́ ọn léèékánná. Igo omi gbígbóná tí ẹ fi aṣọ wé, tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí, ló dára jù nílùú tí iná ìjọba ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó tutù, pàápàá ní òru ọyẹ́. Èyí tó wà níhòòhò nílò bí 35°C láyìíká rẹ̀. Bí ìyẹ́ bá ṣe ń bò ó ni ẹ ó máa dín in kù. Bó bá la ẹnu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tó sì na ọrùn jáde, ooru ti pọ̀ jù. Bó bá rọ jọ̀bọ̀tọ̀ tí kò ya ẹnu, òtútù ni.

Ẹ má gbé e sínú ilé ìdáná. Èéfín igi tí ojú wa ti mọ́ lára, ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò gbà á. Fìtílà elépo wà lára ohun tí mò ń wí yìí. Àwọn tó ń lo páànù dúdú tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, ẹ mọ̀ pé bó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ tí ẹ ò rí ń pa ẹyẹ ní kíá.

Èèrà ló wá kù. Mo rí i pé àwọn ìwé òyìnbó kì í dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ ọmọ ẹyẹ mọ́jú lọ́dọ̀ wa. Orí tábìlì ni kí páálí wà, kí ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúró nínú agolo tí omi wà nínú rẹ̀. Oògùn kòkòrò bíi Sniper àti ọtapíapíà kò gbọ́dọ̀ dé yàrá yẹn. Bí iná adìyẹ bá wà lára ẹyẹ náà, ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣa á, kí ẹ sì máa pààrọ̀ tíṣù.

Ohun tó ń jẹ

Ẹ̀gà tó ń jẹ ọkà wa lóko, kòkòrò ló fi ń tọ́ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké. Ẹran ara kòkòrò ló ń sọ ọmọ tó tó ìka di ẹyẹ tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gàrí, ẹ̀kọ, búrẹ́dì àti ìrẹsì kò ní ohun tí yóò fi kọ́ egungun. Wàrà burú jù wọ́n lọ. Ẹyẹ kì í mu ọmú, ikùn rẹ̀ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń da wàrà.

Ìkán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ìdílé tí yóò wá a tì ní Ìsọlọ̀. Ẹ kó ṣùkù àgbàdo àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sínú ìkòkò àfọ́, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ da ojú rẹ̀ bo ibi tí ìkán ti ń jáde nírọ̀lẹ́. Tó bá di àárọ̀, ẹ ṣí i. Àwọn wẹ́wẹ́ tó funfun tí ara wọn rọ̀ ni ẹ fẹ́. Àwọn olórí pupa ńlá, ìyẹn àwọn jagunjagun wọn, ẹ já orí wọn sọnù kí ẹ tó fi fún ẹyẹ, torí ẹnu wọn ṣì lè gé e lọ́nà ọ̀fun. Tata àti ìrẹ̀ náà dára; ẹ yọ ẹsẹ̀ onígèrígèrí àti apá, ẹ tẹ orí fọ́. Ìkán oníyẹ̀ẹ́ tó ń rọ́ jáde lẹ́yìn òjò, ọ̀fẹ́ ni. Ìdin inú ṣáláńgá tàbí ti ara òkú ẹran, ẹ jìnnà sí i. Kòkòrò tí wọ́n ti fọ́n oògùn sí lóko, ikú ni.

Ìkán nìkan ò tó. Nínú kòkòrò, kálísíọ́ọ̀mù tí egungun fi ń le kò pọ̀, ẹyẹ tí wọ́n fi kòkòrò nìkan tọ́ lè ga tán kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. Nítorí náà ẹ se ẹyin adìyẹ kó le, ẹ fi ọwọ́ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ gún èèpo rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú, ẹ bu ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú sí i. Ẹ lè fi oúnjẹ òròmọdìẹ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin adìyẹ kún un, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rẹ ẹ́ sómi tó rọ̀. Oúnjẹ òròmọdìẹ ni mo wí. Ti adìyẹ tó ń yé kò yẹ fún un.

Bí ẹ ó ṣe bọ́ ọ nìyí. Ẹ gé pákò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí orí rẹ̀ má mú. Ẹ fi ọwọ́ kan etí àwo jẹ́jẹ́. Èyí tí ojú rẹ̀ ò tíì là á rò pé ìyá òun ló bà lé ìtẹ́, á na ọrùn, á ya ẹnu. Ẹ ó rí inú ẹnu náà pupa, ahọ́n rẹ̀ á wà láàárín, ihò kékeré kan á sì wà nídìí ahọ́n tó ń ṣí tó ń pa dé. Ihò yẹn ni ọ̀nà èémí rẹ̀. Ìdí nìyí tí omi tí ọmọdé dà sí i lẹ́nu fi pa á: inú ẹ̀dọ̀fóró ló lọ. Ẹ fi oúnjẹ kọjá ihò náà, kó dé ẹ̀yìn ọ̀fun lápá ọ̀tún tiẹ̀, kí ẹ tú u sílẹ̀. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ló tó fún èyí tó kéré jù. Ó mì í, ẹ fún un ní òmíràn. Bó bá kọ̀ láti ya ẹnu mọ́, ó yó. Ẹ má fún un lómi lọ́tọ̀, kí oúnjẹ sáà ti tutù dáadáa.

Bí ó bá ti jẹun tán, á yí ìdí sókè, á yàgbẹ́ tí awọ funfun tín-ín-rín bò yíká. Ẹ fi pákò gbé e kúrò gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fi ẹnu gbé e. Tí awọ yẹn bá wà tó sì tutù, ikùn ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó wà níhòòhò á jẹun ní ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra, láti ìgbà tí ojúmọ́ bá mọ́ títí tí oòrùn á fi wọ̀. Bí ìyẹ́ bá ti bò ó, ó lè di wákàtí kan síra. Lóru, kó máa sùn. Ẹ ka iye ìgbà tí yóò máa jẹun yìí lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó gbà láti tọ́ ẹyẹ. Ẹni tó ń lọ sóko láàárọ̀ tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ kò lè ṣe é. Télọ̀ lè ṣe é, oníṣọ́ọ̀bù lè ṣe é, ìyá àgbà tó ń jókòó lójúde lè ṣe é ju gbogbo wọn lọ. Ọmọ iléèwé kò lè dá a ṣe, bó ti wù kó ṣèlérí tó.

Nígbà míì ẹ ó bá ọmọ kan nínú ìtẹ́ ẹ̀gà tí kò jọ ẹ̀gà: ẹnu rẹ̀ pupa bí osùn, òun nìkan ló sì wà níbẹ̀. Ẹyẹ kan wà tí kì í kọ́lé, tó ń yé sínú ìtẹ́ ẹ̀gà. Ọmọ rẹ̀ á ti àwọn yòókù jáde. Kòkòrò lòun náà ń jẹ, ọ̀nà kan náà ni kí ẹ fi tọ́ ọ.

Àdàbà kì í ya ẹnu

Àwọn tó ti tọ́ ẹ̀gà yè máa ń pa àdàbà, torí wọ́n ń dúró kó ya ẹnu. Kì í yà á. Òun ló máa ń ti ẹnu bọ inú ẹnu ìyá tàbí bàbá rẹ̀, tó sì ń fà á níbẹ̀. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ohun kan bí wàrà tó dì ni àwọn méjèèjì ń pọ̀ fún un láti inú àpò ọ̀fun wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹlé ń ṣe. Kò sí ohun tó wà lọ́jà tó dà bí ìyẹn gan-an, nítorí náà àdàbà tí kò tíì la ojú sábà máa ń kú lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe pàápàá.

Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ti ń hù lè yè. Ẹ ra sírínjì ní kẹ́místì, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dànù, ẹ gé orí rẹ̀ kó fẹ̀, ẹ fi abẹ́ dán etí rẹ̀ kó má gé e lẹ́nu. Ẹ fi rọ́bà rírọ̀ tí ẹ là ní àárín bo ojú rẹ̀. Oúnjẹ òròmọdìẹ tí ẹ pò bí ògì, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ni kí ẹ rọ sínú rẹ̀. Ẹ ti ẹnu ẹyẹ bọ ojú ibi tí ẹ là náà, á sì máa mu ún fúnra rẹ̀. Àpò kan wà ní àyà rẹ̀ tí yóò wú bó bá ń yó. Ẹ dúró kó tó le. Ẹ má tún bọ́ ọ títí àpò náà á fi rọ̀ padà, ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Bó bá mọ́jú tí àpò ṣì kún, oúnjẹ ti kan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dókítà ẹran nìyẹn.

Ẹyẹ tí ológbò bá ti gé jẹ, ọ̀rọ̀ dókítà lòun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọgbẹ́ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Kòkòrò àrùn inú itọ́ ológbò á pa á láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ má tú kápúsù ènìyàn sómi fún un. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ẹran ìjọba ìbílẹ̀ léèrè. Yunifásítì Ìlọrin ní ilé ìwòsàn ẹran tirẹ̀, bí ọ̀nà Ìlọrin bá yá yín.

Òwìwí àti odídẹrẹ́

Òwìwí ń pamọ sínú àjà ilé àti ilé ìjọsìn. Àwọn aráàlú á ní ẹyẹ àjẹ́ ni, wọ́n á mú igi. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n eku tó ń jẹ àgbàdo wa láká ni òwìwí ń jẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Bó bá di dandan kí ẹ tọ́ ọ, ọmọ eku àti aláǹgbá ni oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú awọ àti egungun. Ẹran ọbẹ̀ oníyọ̀ kò dára fún un, eku tó jẹ májèlé á pa á.

Odídẹrẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ sọ́jà. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, láti ọdún 1974, ní ìpàdé Johannesburg lọ́dún 2016 sì ni wọ́n gbé ẹyẹ yìí sí ìpele ààbò tó lágbára jù nínú àdéhùn náà, tí wọ́n fòfin de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ọmọ odídẹrẹ́ bá bọ́ sí lọ́wọ́, kó wá ọ̀nà gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹranko igbó.

Kó má bàa di ọmọ yín

Ní ọdún 1935, Konrad Lorenz, ará Austria, kọ̀wé lórí bí ọmọ ẹyẹ gúùsì ṣe máa ń gba ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ní ìyá, títí kan ènìyàn. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973. Nílé yín, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé kí ẹ má sọ ẹyẹ lórúkọ, ẹ má fi ṣeré, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ bọ́ ọ, kí ẹ bo páálí. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, inú páálí kan náà ni kí wọ́n wà. Ẹyẹ tí kò bẹ̀rù ènìyàn, kànnàkànnà ni yóò kọ́ ọ lọ́gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò sì kọ́ ọ.

Bó bá ti ń fò láti ẹ̀gbẹ́ kan yàrá dé èkejì, ẹ gbé e sínú àgò adìyẹ tí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò nínú, kí ìyẹ́ rẹ̀ má bàa ṣẹ́. Ẹ fi igi tínínrín àti èyí tó nípọn há a fún ìdúró. Ẹ gbé àwo omi pẹlẹbẹ sí i, ẹ da ìkán ààyè sílẹ̀, kí ẹ fi ọkà bàbà rírẹ sí i fún ẹ̀gà àti àdàbà. Á máa tọrọ lọ́wọ́ yín, á sì máa ṣa díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó bá ti ń dá jẹun yó fún ọjọ́ mélòó kan láìtọrọ ni ẹ tó lè ronú àtitú u sílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí òjò ò ṣú ni kó jẹ́, níbi tí irú tirẹ̀ wà: ẹ̀gà lábẹ́ ọ̀pẹ àwọn ẹ̀gà, àdàbà ní etí oko. Ẹ ṣí àgò, ẹ kúrò. Ẹ fi àgò àti oúnjẹ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ṣíṣí fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, torí á ṣì máa padà wá jẹun.

Ọwọ́ yín ò gbọ́dọ̀ lọ láti ara ẹyẹ sínú ìkòkò ọbẹ̀ láì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí adìyẹ àdúgbò bá ń kú lójijì, ẹ má gbé ẹyẹ kankan wọlé rárá. Ó lè jẹ́ àìsàn lúkúlúkú ẹyẹ, H5N1; nígbà tó kọ́kọ́ wọ Áfíríkà, Jàjí ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ni wọ́n ti rí i, ní 2006. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú ẹyẹ sílẹ̀, bí oúnjẹ inú àgò bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí kò dín kù, ẹ palẹ̀ mọ́. Ẹ sun páálí àti tíṣù, àwo kòtò tó wà nínú páálí kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìdáná, kí ẹ sì fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ àgò kẹ́ ẹ tó dá adìyẹ padà sínú rẹ̀.